Ojúorórì Gẹ́gẹ́ Bí Àkọsílẹ̀ Ìdílé: Láti Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ilé dé Itẹ́ Òkú Ajẹ́lẹ̀ ní Èkó

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Lára ilé tí à ń wò náà ni àwọn tó sùn sí abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Kí ìwé kíkọ tó gbilẹ̀ láàrin wa, ojúorórì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì lára ohun tí ìdílé fi ń mọ ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Èrò tí a fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé nígbà tí ìsìnkú kúrò nínú ilé bọ́ sí itẹ́ òkú, kì í ṣe òkú nìkan ló pààrọ̀ ibùgbé. Ẹni tó ń tọ́jú ìrántí òkú náà yí padà pẹ̀lú. A ó fi itẹ́ òkú Ajẹ́lẹ̀ ní Èkó ṣe àpẹẹrẹ, a ó sì tọ́ka sí ọ̀nà tí ẹni tó ń wá orírun rẹ̀ lè gbà lóde òní.

Ìsìnkú Nínú Ilé

Láyé àtijọ́, inú ilé ni a máa ń sin àgbà tó fi ọmọ sáyé lọ sí, yálà nínú yàrá rẹ̀, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ní àgbàlá. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń bọ ọ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń da obì sí bí ọ̀ràn bá rú wọn lójú. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo òkú ló ń sùn sílé. Ẹni tí omi gbé lọ, etí odò ni wọ́n ń sin ín sí. Ẹni tí àrá pa, àwọn oníṢàngó ló ni òkú rẹ̀. Abuké, àwọn olórìṣà Ọbàtálá ló ń bójú tó ìsìnkú rẹ̀. Nítorí náà, olùwádìí kò gbọdọ̀ sọ pé ẹnì kan kì í ṣe ọmọ ilé nítorí pé kò rí ojúorórì rẹ̀ nínú agboolé. Irú ikú tó pa á lè jẹ́ ìdí.

Ní ọ̀pọ̀ ìlú, bí obìnrin bá kú sílé ọkọ, ilé bàbá rẹ̀ ni wọ́n ń gbé òkú rẹ̀ lọ. Àṣà yìí ṣe iyebíye fún ìwádìí ìdílé, nítorí ojúorórì ìyá àgbà ló ń júwe ilé tí a ti mú un wá. Bí ènìyàn bá sì kú sí ìdálẹ̀ tí òkú rẹ̀ kò ṣeé gbé wálé, wọn a gé lára irun àti èékánná rẹ̀, wọn a sì sin wọ́n sílé dípò rẹ̀.

Ti àwọn ọba kò yàtọ̀ púpọ̀. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ṣàlàyé pé Bàrà ni wọ́n ń sin àwọn Aláàfin sí. Ìyámọdẹ ló ń bọ ẹ̀mí àwọn ọba tó ti wàjà; obìnrin ni, síbẹ̀ Aláàfin a máa kúnlẹ̀ kí i, a sì máa pè é ní bàbá. Ẹni tó ń ṣọ́ àwọn òkú ló dúró fún àwọn baba.

Ojúorórì tún jẹ́ ẹ̀rí lórí ilẹ̀. Títí di òní, bí ìjà ilẹ̀ bá dé kóòtù, àwọn ìdílé a máa tọ́ka sí ibojì àwọn baba wọn. Síbẹ̀, ojúorórì inú ilé kì í ní àkọlé. Ẹnu àwọn obìnrin ilé tó ń ki oríkì orílẹ̀ ni àkọlé rẹ̀.

Ìsìnkú ní Itẹ́ Òkú

Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, àwọn ìjọ Kírísítẹ́nì àti àwọn aláṣẹ ìlú fẹ́ kí á máa sin òkú sí ìta ilé. Àwọn Sàró àti àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà tẹ̀wọ́ gba àṣà yìí. Òkúta tí a kọ orúkọ sí wá rọ́pò oríkì.

Ajẹ́lẹ̀ ni wọ́n sin Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther sí lẹ́yìn tó kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1891. Ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ wa mu gidigidi. Ní 1821 ni ogun kó o ní Òṣogùn. Ní 1822 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba òun àti àwọn ẹrú mìíràn sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n sì kó wọn lọ sí Freetown. Ó tó ọdún 25 lẹ́yìn tí wọ́n kó o, ní 1846, kí òun àti ìyá rẹ̀ Àfàlà tó tún fojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta. Ìlú ti tú, orúkọ rẹ̀ ti yí padà, ṣùgbọ́n àwọn ẹbí tó mọ̀ ọ́n wà láàyè.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, lábẹ́ ìjọba ológun, wọ́n pa itẹ́ òkú Ajẹ́lẹ̀ rẹ́, wọ́n sì fi ilẹ̀ náà ṣe iṣẹ́ ìjọba. Ní 1976, wọ́n kó egungun Crowther lọ sí Cathedral Church of Christ ní Marina. Bíṣọ́ọ̀bù ní ìjọ tó gbé òkú rẹ̀ nílẹ̀. Àwọn yòókù tí òkúta nìkan dá orúkọ wọn mọ̀ ńkọ́? Nígbà tí a sin wọ́n sí ìta, ìdílé fi ìrántí wọn lé òkúta lọ́wọ́. Nígbà tí òkúta lọ, kò sí obìnrin ilé tó ń ki wọ́n mọ́.

A kò sọ èyí láti fi yin ìsìnkú inú ilé ju bó ti yẹ lọ. A ń wó àwọn agboolé náà lójoojúmọ́, a sì ń ta wọ́n pẹ̀lú ojúorórì tó wà nínú wọn. Àléébù kan náà ló wà níbẹ̀: a fi ìrántí sí ibì kan ṣoṣo.

Ọ̀nà Ìwádìí

Oríkì orílẹ̀ ni ó yẹ kí olùwádìí fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ó máa ń dárúkọ ìlú tí ìdílé ti ṣí wá. Èèwọ̀ ìdílé àti ilà ojú a máa ti ẹ̀rí náà lẹ́yìn. Bákan náà ni orúkọ: Àyàn ń tọ́ka sí ìdílé onílù, Ọ̀jẹ̀ sí ti eégún, Ọdẹ sí ti ọdẹ. Ṣùgbọ́n orúkọ a máa yí padà. Ní 1894, David Brown Vincent, òjíṣẹ́ Ọlọ́run nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Èkó, pa orúkọ yẹn tì, ó di Mọjọlá Àgbẹ́bí. Ẹni tó bá ń wá Àgbẹ́bí nínú ìwé ìjọ tó ṣáájú ọdún yẹn kò ní rí i.

Lẹ́yìn èyí ni ìwé ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú tó wà lọ́wọ́ àwọn ìjọ. Fún ìdílé Sàró, àkọsílẹ̀ àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú tún wà. Orúkọ tó lé ní 91,000 lára wọn ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a sì rí orúkọ Yorùbá púpọ̀ nínú wọn. Àwọn itẹ́ òkú tó ṣẹ́ kù pẹ̀lú jẹ́ ìwé kíkà. Ní Ìkòyí ni Herbert Macaulay, ọmọ ọmọ Crowther, sùn sí láti 1946.

Ìkádìí

A ti rí i pé ojúorórì láìsí oríkì jẹ́ ilẹ̀ lásán, àti pé òkúta láìsí olùtọ́jú kì í pẹ́. Àmọ̀ràn wa ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá kọ̀ọ̀kan, nígbà ìsinmi, lọ sí agboolé tirẹ̀. Kí ó béèrè ẹni tó sùn síbẹ̀, kí ó gba ohùn ẹni tó lè ki oríkì rẹ̀ sílẹ̀, kí ó ya àwòrán ibẹ̀, kí ó sì fi ẹ̀dà kan sí ilé ìkàwé. Àwọn ìyá àgbà tó mọ oríkì wọ̀nyí kò pọ̀ mọ́. Bí wọ́n bá lọ kí a tó béèrè, ilé tí à ń wò kò ní lè sọ orúkọ ẹnikẹ́ni fún wa mọ́.