Àìsàn Tó Ṣáájú Bárakú: Ìtọ́jú Opioid àti Àrùn Ọlọ́jọ́ Pípẹ́ ní Ilẹ̀ Yorùbá

Opioid ni orúkọ ìdílé oògùn apàrora tí mọfíìnì, kodíìnì, tramadol, pentazocine àti heroin jọ wà nínú rẹ̀. Bí ènìyàn bá lò ó pẹ́, ó máa ń mọ́ ara débi pé àìlò rẹ̀ gan-an á di àìsàn: òógùn á bò ó, egungun á máa ro ó, inú á máa run ún, kò sì ní rí oorun sùn. Ìyẹn ni bárakú. Ọ̀pọ̀ ilé ìtọ́jú gbà pé bí ìnira wọ̀nyí bá ti rọlẹ̀, iṣẹ́ ti parí. Ṣùgbọ́n bárakú nìkan kọ́ ni aláìsàn ń gbé wá síbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru, àrùn mẹ́dọ̀wú, HIV, ikọ́ ẹ̀gbẹ, ìrora ẹ̀yìn tàbí fòníkú-fọ̀ladìde lè wà lára rẹ̀, òmíràn nínú wọn sì ti wà níbẹ̀ kí ó tó mọ oògùn náà rárá. Àpilẹ̀kọ yìí ń jiyàn pé ní ilẹ̀ Yorùbá, àrùn ọlọ́jọ́ pípẹ́ kì í ṣe ohun tí bárakú ń fà nìkan. Òun ló ń ti ọ̀pọ̀ ènìyàn wọ inú rẹ̀. Ìtọ́jú tó bá gba oògùn lọ́wọ́ ènìyàn tó sì fi àìsàn sílẹ̀ lára rẹ̀, ńṣe ló ń dá a padà sídìí oògùn.

Bí ọ̀ràn náà ti pọ̀ tó hàn nínú ìwádìí tí àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń gbógun ti oògùn olóró (UNODC) àti ilé-iṣẹ́ ìṣirò Nàìjíríà (NBS) ṣe, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2019. Ènìyàn mílíọ̀nù 14.3, láti ọmọ ọdún 15 dé 64, ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan. Mílíọ̀nù 4.6 nínú wọn ló lo opioid láìjẹ́ pé dókítà ló ní kí wọ́n lò ó, tramadol àti kodíìnì ló sì pọ̀ jù. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn ló ṣíwájú gbogbo ẹkùn yòókù nínú lílo oògùn olóró lápapọ̀, pẹ̀lú ìdá 22.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú àwọn tí bárakú ti wọ̀ lára gidi, nǹkan bí ogójì nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àwọ́n fẹ́ ìtọ́jú ṣùgbọ́n àwọn kò rí i gbà. Ní oṣù karùn-ún 2018, Ilé-iṣẹ́ Ìlera ti ìjọba àpapọ̀ fi òfin de pípo àti kíkó oògùn ikọ́ olómi tó ní kodíìnì wọlé. Òfin lè gba ìgò lórí àtẹ. Kò lè gba ìrora lẹ́yìn àgbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ sì ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn ní irú ìlú bí Ìgbájọ, ní ìjọba ìbílẹ̀ Bólúwadúró ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, níbi tí iṣẹ́ oko, ẹrù rírù àti ọ̀kadà gígùn ti ń na ara ènìyàn. Ẹni tí ẹ̀yìn ń ro kì í kọ́kọ́ wá dókítà. Ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì ló ń lọ. Tramadol tí NAFDAC, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí kò ju 50 àti 100 mílígíráàmù lọ, ṣùgbọ́n oníwọ̀n 225 ti gba ìgboro kan. Oògùn náà ń pa ìrora lóòótọ́, ó sì ń lé àárẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń lò ó fi máa ń sọ pé iṣẹ́ lòun ń fi í ṣe, òun kì í ṣe ọ̀mùgọ̀ ọmọ tó ń wá ìgbádùn. Ó yẹ kí a gbà á gbọ́. Àmọ́ tramadol yàtọ̀ sí mọfíìnì: yàtọ̀ sí ìrora tó ń pa, ó tún ń da èròjà serotonin inú ọpọlọ rú. Bí ó bá pọ̀ jù, gìrì lè gbé ènìyàn lórí ọ̀kadà tàbí lẹ́bàá iná. Ó tún lè já ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ walẹ̀, ewu ńlá sì ni fún ẹni tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà. Ìrora tó ń bò mọ́lẹ̀ ń kọ́? Ó lè jẹ́ àmì àrùn oríkèé, ti kíndìnrín, tàbí ti ikọ́ ẹ̀gbẹ tó ti wọ egungun ẹ̀yìn. Ọdún máa ń gorí ọdún kí ẹnikẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Fòníkú-fọ̀ladìde ló fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere jù lọ. Kò sí orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń bí ọmọ tó ní àrùn náà tó Nàìjíríà. Wọ́n ń ṣírò wọn sí nǹkan bí 150,000 lọ́dọọdún. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dí iṣan, ìrora rẹ̀ kì í ṣe èyí tí parasitamọ́ọ̀lù lè kápá. Pentazocine, èyí tí wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́, ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn Nàìjíríà ti ń lò fún un láti ọjọ́ pípẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn aláìsàn náà kì í di ẹrú oògùn. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gún ara wọn nílé, abẹ́rẹ́ náà sì máa ń sọ ẹran itan àti apá di líle bí igi, egbò tí kì í jinná á sì tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n bá padà dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì lè rò pé oògùn ni wọ́n wá tọrọ, kí ó fi wọ́n sílẹ̀ nínú ìrora tí kì í ṣe irọ́. Báyìí ni àìsàn àti bárakú ṣe ń bo ara wọn mọ́lẹ̀ lójú olùtọ́jú. Oògùn hydroxyurea, tó ń dín iye ìgbà tí ìrora ń dé kù, lè ṣe fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ju ìwàásù lọ, nítorí ìrora tí kò wáyé kò ní béèrè abẹ́rẹ́.

Àwọn àrùn tó ń ràn ló gba àfiyèsí jù nínú ìwé àwọn onímọ̀ àgbáyé. Ní Dakar, ìwádìí tí wọ́n ṣe ní 2011 láàárín àwọn tó ń lo heroin àti kokéènì rí mẹ́dọ̀wú C lára ìdá 23.3 nínú ọgọ́rùn-ún wọn, àti HIV lára ìdá 5.2. Pínpín abẹ́rẹ́ ló wà nídìí púpọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ni púpọ̀ nínú àwọn tó ń lo opioid ní ilẹ̀ Yorùbá fi ń lò ó. Nítorí náà, ètò tí a bá gbé wá láti òkè òkun láìtún un ṣe yóò wá mẹ́dọ̀wú C kiri, yóò sì gbójú fo èyí tó pọ̀ jù nílé. Ìwádìí NAIIS ti 2018, èyí tí wọ́n ṣe nípa HIV káàkiri Nàìjíríà, rí mẹ́dọ̀wú B lára ìdá 8.1 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ Nàìjíríà láàárín ọdún 15 sí 64. Ti C kò ju ìdá 1.1 lọ. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti ń jẹ ìyà mẹ́dọ̀wú B, tó tún ń gbé tramadol àti ọtí mì pọ̀, ń di ẹrù méjì lé ẹ̀dọ̀ kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ owó tún wà níbẹ̀: oògùn HIV jẹ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba láti 2006, àmọ́ àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ aláìsàn mẹ́dọ̀wú fi ń ra tiwọn. Bẹ́ẹ̀, a lè wo mẹ́dọ̀wú C sàn pátápátá báyìí láàárín oṣù mẹ́ta.

Opioid fúnra rẹ̀ náà kì í dá ara sí bó bá pẹ́. Ìgbẹ́ á le, agbára ọkùnrin á dínkù, nǹkan oṣù obìnrin á dàrú, eyín á máa jẹrà, èémí á sì lọ́ra lójú oorun, èyí tó burú fún ẹni tí igbó tàbí sìgá ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́.

Ibi tí àìsí ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ti ń ṣekú pani jù ni àárín oògùn àti oògùn. Rifampicin tí wọ́n fi ń wo ikọ́ ẹ̀gbẹ máa ń lé methadone, opioid tí wọ́n fi ń tọ́jú bárakú, kúrò nínú ara kíákíá. Bẹ́ẹ̀ ni efavirenz tí wọ́n ti lò tipẹ́ fún HIV. Aláìsàn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rifampicin fún lọ́dọ̀ dókítà kan lè jí ní ọ̀sẹ̀ kejì kí ara máa gbọ̀n ọ́n, kó rò pé ìtọ́jú bárakú ti kùnà, kó sì padà sí ìgboro. Methadone tún lè da lílù ọkàn rú. Tramadol àti àwọn oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kan kì í bára wọn rẹ́. Dókítà tí kò mọ ohun tí èkejì rẹ̀ kọ fún aláìsàn kò lè rí èyíkéyìí nínú ewu wọ̀nyí.

Ojú ọ̀nà sì jìn. Láti Ìgbájọ, Òṣogbo, Iléṣà tàbí Ifẹ̀ ni ènìyàn ti lè rí ilé ìwòsàn ńlá. Bí ọ̀rọ̀ bá le, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Aro ní Abẹ́òkúta ni. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìrora àti bárakú yóò lọ sí kílíníkì mẹ́ta ní ọjọ́ mẹ́ta, pẹ̀lú owó ọkọ̀ mẹ́ta. Ta ni yóò ṣe é fún ọdún kan? Ó sì ju ọdún kan lọ. Ní 2000, Thomas McLellan àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ìdá 40 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba ìtọ́jú bárakú ló ń padà sídìí rẹ̀, iye tí kò ju ti àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ríru wọn tún dìde nítorí pé wọn kò tẹ̀ lé ìtọ́jú. Kò sẹ́ni tó ń lé aláìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru kúrò ní kílíníkì nítorí ìyẹn.

Àpẹẹrẹ ọ̀nà mìíràn kò ṣọ̀wọ́n. Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo fi àwọn aláìsàn ọpọlọ sí àwọn abúlé tó yí Aro ká, pẹ̀lú ìbátan wọn. Methadone, tí Vincent Dole àti Marie Nyswander gbé kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìtọ́jú bárakú ní New York ní 1965, ti wà lórí àkójọ oògùn kòṣeémánìí ti àjọ WHO láti 2005. Ilé ìtọ́jú CEPIAD tí wọ́n ṣí ní Dakar ní ìparí 2014 ń fún ènìyàn ní methadone, ó sì ń yẹ HIV, mẹ́dọ̀wú àti ikọ́ ẹ̀gbẹ wò lábẹ́ òrùlé kan náà.

Àwọn kan á ní oògùn la fi ń rọ́pò oògùn. Ẹni tó ń lo methadone láràárọ̀ lójú nọ́ọ̀sì, tó ń lọ sóko, tí wọ́n sì ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ lóṣooṣù, kò jọ ẹni tó ń ra 225 lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì. Àwọn mìíràn á ní àwọn ilé ìwòsàn alábọ́dé kò ní òṣìṣẹ́ tó. Òótọ́ ni, ìdí sì nìyẹn tí kò fi yẹ kí a pín aláìsàn kan fún ènìyàn mẹ́ta. Òfin Ìlera Ọpọlọ tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2023 ti rọ́pò òfin àtijọ́ ti 1958. Èyí tó kù wà lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun: kí nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn alábọ́dé gba ìwé gbogbo kílíníkì aláìsàn sọ́wọ́, kí ó máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà rẹ̀, kí ó rí i pé wọ́n yẹ mẹ́dọ̀wú àti HIV wò, kí ó sì béèrè ibi tó ń dùn ún kí ó tó béèrè oògùn tó ń lò.