Ọwọ́ tí Òǹwòran Kì í Rí: Shirley Walker àti Iṣẹ́ Pípín Orin fún Sinimá

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ lítíréṣọ̀ dìde láti sọ̀rọ̀ nípa orin sinimá. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ìbéèrè kan wà tí àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí lórí ewì alohùn kò tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀: ta ni ó ni iṣẹ́ ọnà tí ọ̀pọ̀ ọwọ́ pa pọ̀ ṣe? Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan wà, Shirley Walker ni orúkọ rẹ̀, tí ìbéèrè yìí hàn kedere lára iṣẹ́ rẹ̀ ju ti ẹnikẹ́ni tí mo mọ̀ lọ. Òun ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́. Orin tí à ń gbọ́ lábẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn òṣèré kì í sábà ti ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo jáde. Aṣẹ̀dá-orin a kọ ìpìlẹ̀ orin sórí ìlà díẹ̀, nítorí pé àsìkò tí àwọn onísinimá ń fún un kì í pọ̀. Ẹlòmíràn a gba ìwé náà, a sì pín in fún ohun èlò: èyí tí gòjé yóò ta, èyí tí fèrè yóò fọn, ibi tí kàkàkí yóò ti ké, ibi tí ìlù yóò ti dákẹ́. Ẹni yìí ni n óò máa pè ní olùpín-orin, nítorí pé n kò rí orúkọ mìíràn tí ó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti olùdarí yàtọ̀. Òun ni ó ń dúró níwájú àwọn olórin, tí àwòrán sinimá náà ń kọjá lójú rẹ̀, tí ó sì ń fi ọwọ́ wọn orin kí ó lè bá ilẹ̀kùn pàdé gan-an nígbà tí ilẹ̀kùn náà bá gbá. Bí orin bá fi ìdá kan péré nínú ìṣẹ́jú àáyá yá jù, ẹ̀rín ni yóò pa òǹwòran níbi tí ẹkún ti yẹ. Ẹni tí ó bá mọ ìlù dùndún kò ní fojú kékeré wo iṣẹ́ pínpín yìí. Ìyáàlù ni ó ń sọ̀rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí kẹríkẹrì àti gúdúgúdú kò bá dúró síbi tí ó yẹ kí wọ́n dúró, ọ̀rọ̀ ìyáàlù yóò kàn jẹ́ ariwo ni.

Ọ̀rọ̀ ta-ni-ó-ni-ín yìí ti pẹ́ ní Hollywood. Ní ọdún 1936, Erich Wolfgang Korngold, ọmọ ilẹ̀ Austria, ni ó ṣẹ̀dá orin Anthony Adverse; àmì ẹ̀yẹ Oscar tí orin náà gbà kò bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ Leo Forbstein, olórí ẹ̀ka orin ilé-iṣẹ́ Warner Bros., ni ó bọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ ni òfin àmì ẹ̀yẹ náà rí nígbà náà. Bí wọ́n bá ṣe báyìí fún aṣẹ̀dá-orin, kí ni a ó sọ nípa olùpín-orin? Hugo Friedhofer, ọmọ San Francisco tí ó gbọ́ èdè Jámánì, ni ó ń pín orin fún Korngold àti fún Max Steiner. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi ń ṣe iṣẹ́ yìí kí orin tirẹ̀ fún The Best Years of Our Lives ti 1946 tó gba Oscar. Ọmọ ilẹ̀ wa kan kò ṣàì débi iṣẹ́ orin sinimá náà. Fẹlá Ṣówándé, tí a bí ní Ọ̀yọ́ ní 1905, ni olùdarí orin fún ẹ̀ka sinimá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní London fún àwọn ilẹ̀ abẹ́ àkóso wọn nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. African Suite rẹ̀ wà lẹ́nu wa dáadáa, iṣẹ́ sinimá rẹ̀ ni a kì í fi bẹ́ẹ̀ mẹ́nu bà.

Ìlú Napa ní California ni a bí Shirley Walker sí ní 1945. Kò tíì parí ilé-ìwé gíga nígbà tí ó ti bá ẹgbẹ́ olórin ńlá ti San Francisco ta dùùrù níwájú èrò. Lẹ́yìn náà ni ó kọ́ ìmọ̀ ìṣẹ̀dá orin lọ́dọ̀ Roger Nixon ní yunifásítì ìpínlẹ̀ tí ó wà ní ìlú kan náà. Ọdún 1979 ni ó gba ẹnu ọ̀nà kékeré kan wọ ilé sinimá: wọ́n pè é kí ó wá tẹ dùùrù oníná nínú orin Apocalypse Now. Ní ọdún kan náà, ó kọ lára orin The Black Stallion, sinimá tí Carmine Coppola ṣẹ̀dá orin rẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn tí ó wà nídìí iṣẹ́ náà ti mọ̀ pé obìnrin yìí lè kọ orin, ó lè pín in, ó sì lè dúró níwájú olórin kí ó darí wọn. Ní ayé ìgbà yẹn, kò wọ́pọ̀ rárá kí a rí obìnrin lórí pèpéle olùdarí ní Hollywood.

Batman ti ọdún 1989 ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé gbangba. Danny Elfman ni ó ṣẹ̀dá orin rẹ̀. Inú ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì kan tí ń jẹ́ Oingo Boingo ni Elfman ti wá, kò sì lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ orin kankan. Steve Bartek, ẹni tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ náà, ni olórí olùpín-orin. Walker pín díẹ̀ lára rẹ̀, òun ni ó sì darí àwọn olórin Sinfonia of London nígbà tí wọ́n gba orin náà sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò pẹ́ tí àhesọ bẹ̀rẹ̀: wọ́n ní kò lè jẹ́ ọmọ rọ́ọ̀kì tí kò kàwé orin ni ó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, pé àwọn tí ó yí i ká ni ó ṣe é fún un. Elfman fúnra rẹ̀ dá wọn lóhùn ní gbangba.

Èmi kò fara mọ́ àhesọ náà, n kò sì rò pé ó yẹ kí àwọn tí ó fẹ́ràn Walker fara mọ́ ọn. Ohun tí a bá já gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn kò lè di ọ̀ṣọ́ lọ́rùn ẹni tí a fẹ́ yìn. Àwọn baba wa ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Èrò orin náà, ìbànújẹ́ àti ìhalẹ̀ tí ó wà nínú rẹ̀, ti Elfman ni. Kí èrò yẹn tó lè di ohùn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn pa pọ̀ mú jáde láìkọsẹ̀, iṣẹ́ mìíràn ni, iṣẹ́ náà sì tóbi tó láti ní orúkọ tirẹ̀. Àṣìṣe àwọn aláhesọ ni pé wọn kò mọ ọ̀nà mìíràn láti fi bọlá fún olùpín-orin ju kí wọ́n sọ ọ́ di aṣẹ̀dá-orin tí wọ́n fi pa mọ́.

Irú iṣẹ́ kan náà ni ó ṣe fún Hans Zimmer, ọmọ Jámánì, nínú Black Rain (1989), Days of Thunder (1990) àti Backdraft (1991). Zimmer a máa fi ẹ̀rọ dá orin rẹ̀. Ẹ̀rọ kì í mí, ètè kì í sì í rẹ̀ ẹ́. Afunkàkàkí ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ mí. Olùpín-orin ni yóò mọ ibi tí èémí náà yóò ti wọlé láìjẹ́ pé orin já.

Ní 1992, orúkọ Walker nìkan ni ó jáde gẹ́gẹ́ bí aṣẹ̀dá-orin fún sinimá ńlá kan tí John Carpenter darí. Ó wà lára àwọn obìnrin àkọ́kọ́ tí ilé-iṣẹ́ ńlá Hollywood fún ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Sinimá náà dá lórí ọkùnrin tí ojú kò lè rí. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn àdàpè kò ní ṣàì rẹ́rìn-ín.

Ọdún yẹn kan náà ni eré àwòrán Batman fún tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan márùnlélọ́gọ́rin (85) ni ó sì ní kí ó tó parí ní 1995. Olórin gidi ni ó ń ta orin rẹ̀, orin tuntun fún ẹ̀ẹ̀kan kọ̀ọ̀kan. Walker ni ó ṣe olórí iṣẹ́ náà. Ó kó àwọn ọ̀dọ́ mọ́ra, lára wọn ni Lolita Ritmanis, Michael McCuistion àti Kristopher Carter, ó sì kọ́ wọn bí ọ̀gá onílù ti ń kọ́ ọmọ agbolé rẹ̀: ẹ gbọ́, ẹ gbìyànjú, kí n tún un ṣe lójú yín.

Ohun tí ó mú mi sún mọ́ iṣẹ́ obìnrin yìí jù lọ, bí ẹni tí ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀, wà nínú Batman: Mask of the Phantasm, sinimá ọdún 1993. Bí ó ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ akọrin kan gbóhùn sókè, ohùn wọn sì wúwo bíi ti inú ilé ìjọsìn. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò rò pé èdè Látìn ni. Kì í ṣe Látìn. Orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ tí ó wà nídìí iṣẹ́ náà ni Walker dà sẹ́yìn, tí ó fi ìdí orúkọ ṣe orí rẹ̀, tí ó sì kó sí àwọn akọrin lẹ́nu. Ẹnà ni àwa ń pe irú rẹ̀ níbí, ọmọdé ilẹ̀ wa sì mọ̀ ọ́n dáadáa. A mọ̀ pé ìparí sinimá ni orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ máa ń kọjá lójú àwòrán, nígbà tí èrò ti ń wá bàtà wọn nínú òkùnkùn tí wọ́n ń jáde lọ. Walker kó o wá sí ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí gbogbo ojú àti etí ṣì wà níbẹ̀, ó sì fi í pa mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó lè jẹ́ pé eré lásán ni ó fi ṣe. Síbẹ̀, ẹni tí ó ti fi ọdún púpọ̀ wà nínú iṣẹ́ tí orúkọ kì í tètè hàn ni ó ṣe irú eré bẹ́ẹ̀, n kò sì lè gbọ́ orin náà mọ́ kí n máà rántí èyí.

Ó gba àmì ẹ̀yẹ Emmy ti àwọn ètò ojúmọmọ ní 1996 àti ní 2001, fún orin Batman nígbà méjèèjì. Ó kú ní Reno, ìpínlẹ̀ Nevada, ní oṣù kọkànlá ọdún 2006, ní ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. Nígbà tí wọ́n ń ka àwọn olóògbé ọdún náà níbi ayẹyẹ Oscar ti 2007, a kò gbọ́ orúkọ rẹ̀, inú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì dùn sí i. Ní 2014, ẹgbẹ́ ASCAP tí ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ àwọn olórin ní Amẹ́ríkà fi orúkọ rẹ̀ sọ àmì ẹ̀yẹ kan. Ọdún kan náà ni Lolita Ritmanis, ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́ níṣẹ́, òun pẹ̀lú Laura Karpman àti Miriam Cutler, dá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí ń ṣẹ̀dá orin sinimá sílẹ̀.