Ìgbẹ́ Gbuuru àti Kòkòrò tí Kò Gbóògùn Mọ́

Bí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru, ohun tí ó kọ́kọ́ máa ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ òbí ni tetracycline, kápúsù pupa-àti-yẹ́lò nì, tàbí Flagyl láti ọ̀dọ̀ kẹ́mísítì àdúgbò. A kọ àlàyé yìí kí ẹ̀yin olùgbé ìpínlẹ̀ wa lè mọ ewu tí ó wà nínú àṣà yìí, àti ohun tí ó yẹ kí á ṣe dípò rẹ̀.

Kí ni ó ń fa ìgbẹ́ gbuuru?

Láàárín àwọn ọmọdé, fáírọ́ọ̀sì tí à ń pè ní rotavirus wà lára àwọn tí ó ń fà á jù lọ, oògùn apakòkòrò kò sì lè pa fáírọ́ọ̀sì kankan. Àwọn bakitéríà náà ń fà á. Lára wọn ni Vibrio cholerae tí ó ń fa àrùn onígbáméjì, Shigella tí ó ń fa ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, Salmonella àti àwọn irúfẹ́ E. coli kan. Flagyl kò lè pa kòkòrò onígbáméjì, kò sì lè pa Shigella. Tetracycline sì lè ba àwọ̀ eyín ọmọdé jẹ́.

Báwo ni kòkòrò ṣe ń di aláìgbóògùn?

Nínú ọ̀kẹ́ àìmọye bakitéríà, ìwọ̀nba díẹ̀ lè wà tí oògùn kò ràn. Bí a bá lo oògùn, àwọn yòókù a kú, àwọn wọ̀nyí a ṣẹ́kù, wọn a sì máa bí sí i. Kì í ṣe ara ènìyàn ni ó kọ oògùn. Kòkòrò náà ni.

Ní Jàpáànù, ní àárín àwọn ọdún 1950, àwọn Shigella kan jáde tí oríṣi oògùn mẹ́rin kò lè pa. Ní 1959, àwọn onímọ̀ níbẹ̀ fi hàn pé E. coli lè fi àbùdá àìgbóògùn lé Shigella lọ́wọ́. Nítorí náà, kápúsù tí a lò láìnídìí lónìí lè fi kòkòrò aláìgbóògùn sílẹ̀ nínú ìfun wa, kí ó sì wá kọ́ kòkòrò àrùn mìíràn bí a ti ń kọ oògùn. Ní 2024, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka Shigella tí ìdílé oògùn ciprofloxacin kò ràn mọ́ kún àwọn kòkòrò tí a nílò oògùn tuntun fún.

Kí ni ó yẹ kí á ṣe?

Gbígbẹ omi ara ni ó sábà máa ń pa aláìsàn, pàápàá nínú àrùn onígbáméjì. Nítorí náà:

• Ẹ fún un ní ORS, kí ẹ pò ó mọ́ ìwọ̀n omi tí a kọ sára rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ po ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ mọ́ lítà kan omi tí ó mọ́. Kí ṣúgà náà má ga ju ẹnu ṣíbí lọ.
• Ẹ fún ọmọdé ní zinc fún ọjọ́ 10 sí 14, gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ ìlera bá ti wí.
• Ẹ má dá ọmú àti oúnjẹ dúró.
• Ẹ má ra oògùn apakòkòrò láìsí ìwé dókítà, ẹ má sì lo èyí tí ó ṣẹ́kù nílé.

Ẹ tètè gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, bí ìgbẹ́ bá dà bí omi ìrẹsì, bí ojú bá jìn wọnú, bí kò bá tọ̀ mọ́, tàbí bí kò bá lè mu omi. Fún irú àwọn aláìsàn wọ̀nyí, dókítà lè fún wọn ní oògùn apakòkòrò. Ẹ lò ó bí ó ti wí gẹ́lẹ́. Nítorí ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má lò ó ní ìlòkulò.

Ìdènà

Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀ àti kí ẹ tó jẹun. Ẹ se omi mímu, ẹ bo oúnjẹ, ẹ má sì yàgbẹ́ sí ìta gbangba. Láti 2022, abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé ní Nàìjíríà ti ní ti rotavirus nínú, ẹnu ni a sì ń kán an sí. Ẹ gbé ọmọ yín lọ gbà á ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé. Àìsàn tí kò bá wọlé kò ní béèrè oògùn.