Ta Ní Ń Kan Ilẹ̀kùn Nínú Ẹ́ńjìnì?

Bí awakọ̀ kan ní ilẹ̀ Yorùbá bá sọ pé ẹ́ńjìnì òun ti nọ́ọ̀kì, ńṣe ni a máa ń bá a kẹ́dùn, nítorí ohun tí ó ń sọ ni pé ọkọ̀ náà ti kú. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ni ọ̀rọ̀ náà, ìró lásán ni ó ń tọ́ka sí, bí ìró ẹni tí ó ń kan ilẹ̀kùn. Ẹni tí ó ń kan ilẹ̀kùn kò sì tíì wọlé. Ọ̀rọ̀ nípa ìró yìí ni mo bá wá lónìí, nítorí pé owó ńlá ń bẹ nínú kí a mọ̀ ọ́n tàbí kí a ṣì í mọ̀, ẹ̀mí ènìyàn pàápàá sì ti bá a lọ rí.

Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan ní ojú ọ̀nà Ìjàgun, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, nígbà tí ọkùnrin kan gbé ògbólógbòó Peugeot 504 dé, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tò pọ̀ ní Kàdúná ní ọdún 1975. Gàrí ni ó fi ń kó. Mẹkáníìkì kan ti sọ fún un níbòmíràn pé ẹ́ńjìnì rẹ̀ ti nọ́ọ̀kì, kí ó yáa lọ ra òmíràn. Bàbá tí ó ni ṣọ́ọ̀bù kò tilẹ̀ fọwọ́ kan irinṣẹ́. Ó ní, "Ọmọ mi, ìgbà wo ni ó máa ń dún?"

Ìbéèrè yẹn, ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ìdajì iṣẹ́ ni. Bí ìró bá le ní kùtùkùtù tí ó sì ń rọlẹ̀ bí ẹ́ńjìnì ti ń gbóná, písítọ́ọ̀nù ni ó ti jẹ tí ó ń gbá ara ògiri. Bí ó bá ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ láti òkè, tápẹ́ẹ̀tì ni, kì í sì í ṣe ohun tí a ń torí rẹ̀ ta ilẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń dún gbì, gbì, gbì láti ìsàlẹ̀, tí ó ń le sí i nígbà tí ọ́ìlì bá gbóná tí ó sì ṣàn, bẹ́ríǹ ni. Èyí gan-an ni ìró tí ó ń di ẹkún. Àwọn àgbà mẹkáníìkì a máa fi irin gígùn kan ara ẹ́ńjìnì, wọn a fi ìdí irin náà sí etí, wọn a sì máa yọ wáyà púlọ́ọ̀gì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí wọ́n bá yọ tí ìró náà rọ̀, abẹ́ písítọ́ọ̀nù rẹ̀ ni àìsàn wà.

Ọkùnrin náà dáhùn pé, "Bàbá, bí mo bá di ẹrù tí mo ń gun òkè ni. Á máa dún bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo. Bí mo bá sì gbé ẹsẹ̀ kúrò, á dákẹ́."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ìró orí òkè yìí yàtọ̀ sí gbogbo ìyókù, ìtàn rẹ̀ sì mú wa jìnnà sí Ìjàgun.

Ní ìlú Dayton ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Charles Kettering. Òun ni ó ṣe ẹ̀rọ iná mànàmáná tí ó ń ṣí ẹ́ńjìnì, èyí tí ọkọ̀ Cadillac lò ní ọdún 1912, tí ó gba awakọ̀ lọ́wọ́ fífi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnì. Ó ṣe ẹ̀rọ ìṣáná pẹ̀lú. Nígbà tí àwọn ẹ́ńjìnì ń dún, ẹ̀rọ ìṣáná rẹ̀ ni wọ́n di ẹ̀bi rù. Ní ọdún 1916 ó gbé ọ̀ràn náà lé ọ̀dọ́mọkùnrin kan lọ́wọ́, Thomas Midgley. Midgley wádìí inú ẹ́ńjìnì, ó sì rí i pé lẹ́yìn tí iná bá ti ṣẹ́ ni ìró náà ń dé, kì í ṣe ṣáájú. Ẹ rò ó bí iná tí a dá sí igbó ọdan. Ó yẹ kí ó máa jó lọ díẹ̀díẹ̀ láti eteetí; ṣùgbọ́n kí ó tó dé ìkángun kejì, ooru ti mú koríko ọ̀hún fúnra rẹ̀ gbiná lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbúgbàù yẹn ni ó ń kan ilẹ̀kùn. Epo ni ó jẹ̀bi, kì í ṣe ẹ̀rọ ìṣáná.

Báwo ni a ó ṣe wo epo sàn? Wọ́n rántí ewéko kan tí ẹ̀yìn ewé rẹ̀ pupa, tí ó máa ń tanná kí òtútù tó lọ tán, wọ́n sì rò pé bóyá àwọ̀ pupa ni ó ń fa ooru mọ́ra. Midgley wá aró pupa, kò rí. Ó da áyódíìnì sí i, ìró dákẹ́! Ẹlòmíràn ìbá ti lu ìlù ayọ̀. Midgley tún wá ojúlówó aró pupa wá, ó dán an wò, ìró kò dákẹ́. Àwọ̀ kọ́ ni oògùn náà. Ibí yìí ni mo ti gba tirẹ̀ jù lọ.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1921 ni wọ́n dé orí òjé, ìbátan èyí tí àwọn apẹja ń so mọ́ àwọ̀n, tí wọ́n sọ di omi. Díẹ̀ kínún tó gálọ́ọ̀nù kan. Wọ́n mọ̀ pé ọtí líle, irú èyí tí ó wà nínú ògógóró, ń pa ìró náà pẹ̀lú. Òjé ni wọ́n yàn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí tà á ní Dayton ní oṣù Kejì ọdún 1923. Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ ti pẹ́ tí ayé ti mọ̀ pé májèlé ni òjé. Ó ti bá Midgley fúnra rẹ̀ jà ní ọdún yẹn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1924, òṣìṣẹ́ márùn-ún kú ní ilé iṣẹ́ epo kan ní ìpínlẹ̀ New Jersey. Orí wọn ti kọ́kọ́ dàrú. Midgley dìde níwájú àwọn oníròyìn, ó fi omi òjé náà wẹ ọwọ́ láti fi hàn pé kò léwu. Wọ́n dá títà dúró ní ọdún 1925. Ní 1926 wọ́n tún bẹ̀rẹ̀.

Epo olójé yìí ni ó gba ayé kan, tí ó dé ọ̀dọ̀ wa, tí a rà sínú bọ̀lẹ̀kájà àti ìjàpá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èéfín rẹ̀ ń bọ́ sí ẹ̀bá ọ̀nà níbi tí àwọn ọmọdé ti ń rìn lọ sí ilé ìwé, ọpọlọ ọmọdé sì ni òjé ń bàjẹ́ jù. Ní ọdún 2001, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ìhà gúúsù Sàhárà ṣe ìpinnu ní Dakar láti fi í sílẹ̀, wọ́n sì ti jáwọ́ nínú rẹ̀ nígbà tí ọdún 2006 fi wọlé. Àlùjéríà ni ó kẹ́yìn ní gbogbo ayé, ní ọdún 2021.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Ìjàgun. Bàbá wo dísítíríbútọ̀, èyí tí ó ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì. Ẹnìkan ti yí i síwájú kí ọkọ̀ lè ní agbára, iná wá ń ṣẹ́ ṣáájú àkókò. Ó yí i padà díẹ̀, kò tó ìbú èékánná, ó dè é pinpin. Ó tún bu omi sí rédíétọ̀ tí ó ti fẹ́ẹ̀ gbẹ. Ó ní kí ọkùnrin náà lọ di ẹrù rẹ̀, kí ó gun òkè.

Ìrọ̀lẹ́ ni ó padà dé, ẹ̀rín ní ẹnu rẹ̀. Ó san owó iṣẹ́, ó sì bèèrè nípa ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ kékeré kan tí ó ṣì ń gbọ́ lókè.

"Ìyẹn di ọjọ́ Sátidé," ni bàbá wí.