Ẹja Ńlá inú Odò Ọya

Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Òwe yìí bá apẹja mu ju ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ mìíràn lọ. Apẹja tí ó bá ti fojú gán-án-ní ẹja kan tí ó tayọ ẹja, tí ẹja náà sì já mọ́ ọn lọ́wọ́, ìsinmi ti tán fún un nìyẹn. Ẹja tí ó bọ́ a sì máa dàgbà lẹ́nu ẹni tí ó sọ ọ́ nù: bí ó bá gùn tó apá lónìí, yóò gùn tó ènìyàn lọ́la, kí ọdún tó yípo, ó ti di ọba odò. Kò sí etí omi tí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kò sí. Ṣùgbọ́n ní agbègbè Niamey, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Niger, ìtàn ẹja ńlá ní gbòǹgbò, ó sì ní òfin nínú.

Odò tí ó gba ẹ̀gbẹ́ Niamey kọjá kì í ṣe àjèjì sí ọmọ Yorùbá. Odò Ọya ni, omi kan náà tí ń ṣàn kọjá ní Jẹ́bà àti ní Lọ́kọ́ja. Yorùbá gbà pé Ọya, aya Ṣàngó, ni ó ni ín. Àwọn Songhai tí ń gbé òkè odò náà kò gbọ́ ti Ọya rí, síbẹ̀ obìnrin ni àwọn náà fi ṣe olódò. Harakoy Dikko ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ka Dongo tí ń sán àrá mọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Lọ́dọ̀ Yorùbá, aya àrá ni olódò. Lọ́dọ̀ Songhai, ìyá àrá ni.

Láàárín àwọn Songhai yìí ni àwọn Sorko wà, àwọn tí iṣẹ́ omi jẹ́ iṣẹ́ ìdílé wọn. Nígbà tí Sonni Ali jọba Songhai láti ọdún 1464 dé 1492, àwọn Sorko wà lára àwọn tí ń tu ọkọ̀ ogun rẹ̀ lójú odò. Baba ńlá tí wọ́n fi ń yangàn ni Faran Maka Bote. Wọ́n ní Faran dá oko ìrẹsì sí erékùṣù kan láàárín odò. Iwin omi kan sì wà, Zinkibaru ni orúkọ rẹ̀, tí ó ní ohun èlò orin olókùn. Bí ó bá ti ń ta á lóru, gbogbo ẹja á jáde, wọn á sì máa jẹ ìrẹsì Faran. Ìyàn wọ ilé. Faran lọ pẹja, ṣùgbọ́n erinmi méjì péré ni ó rí mú bọ̀! Inú bí i, ó lọ ko iwin náà lójú. Ní ìjà kìíní, ọfọ̀ ni Zinkibaru fi dá a. Faran padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ìyá sì kọ́ ọ ní èsì ọfọ̀ náà. Ní ìjà kejì, Zinkibaru sá lọ, ohun èlò orin àti àwọn ẹrú rẹ̀ sì di ti Faran. Ẹni tí ó bá fetí sí ìtàn náà dáadáa yóò rí i pé agbára nìkan kò ṣẹ́gun odò. Ọ̀rọ̀ tí ìyá fi lé ọmọ lọ́wọ́ ni ó ṣẹ́gun. Ìdí nìyí tí Sorko fi gbà pé ẹni tí yóò mú ohun ńlá nínú omi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá olódò sọ̀rọ̀.

Ní ti ẹja gan-an, èyí tí apẹja odò náà ń lálàá rẹ̀ ni èyí tí àwọn Faransé fi oyè ọmọ ogun sọ ní capitaine, tí àwọn Haúsá ń pè ní giwan ruwa. Ìtumọ̀ giwan ruwa ni erin omi, ṣùgbọ́n kì í ṣe erinmi ti Yorùbá. Dorina ni Haúsá ń pe ìyẹn. Giwan ruwa lè gùn tó mítà méjì, ó sì lè wúwo tó 200 kìlógíráàmù. Nítorí náà, apẹja tí ó bá ní òun rí ẹja tí ó gùn ju òun lọ lè má purọ́ rárá.

Erinmi pẹ̀lú wà lára ohun ńlá tí Sorko ń lépa, ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì ń gbà lépa rẹ̀. Jean Rouch, ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Faransé, dé Niger ní ọdún 1941 láti la ọ̀nà. Níbẹ̀ ni ó ti bá Damouré Zika, ọmọ Sorko, dọ́rẹ̀ẹ́. Ní ọdún 1946 àti 1947, Rouch àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì fi ọkọ̀ bá odò náà sọ̀kalẹ̀ títí dé òkun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ó bá àwọn ọdẹ odò lọ ní Ayorou, lókè odò sí Niamey, ó sì fi iṣẹ́ wọn ṣe sinimá tí ó sọ ní Bataille sur le grand fleuve, èyí ni Ìjà lórí Odò Ńlá. Àwọn ọdẹ náà kọ́kọ́ tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ àwọn alágbára omi kí wọ́n tó gbé ọ̀kọ̀. Wọ́n rí erinmi pa, ṣùgbọ́n akọ arúgbó kan onírùngbọ̀n fọ́ ọkọ̀ wọn, ó sì bọ́ lọ. Òun ni wọ́n ń wá jù, òun náà ni ọwọ́ wọn kò tẹ̀.

Nígbà tí Rouch padà wá fi sinimá náà hàn wọ́n, wọ́n bá a wí. Ó ti fi orin ọdẹ sí ibi tí wọ́n ti ń lé ẹran. Wọ́n ní kí ó yọ ọ́ kúrò, nítorí erinmi ń gbọ́ràn lábẹ́ omi, orin náà yóò sì lé e sá. Rouch gba ẹ̀kọ́ náà. Ọlọ́gbọ́n ni ọ̀mọ̀wé tí ó gba àtúnṣe lẹ́nu àwọn tí ó wá kọ̀wé nípa wọn.

Bí òfin ṣe lè sọ irú ìlépa yìí di ohun rere, Argungu ní Nàìjíríà, tí kò jìnnà púpọ̀ sí ààlà Niger, fi í hàn. Ìjà ọjọ́ pípẹ́ ti wà láàárín Kebbi àti Sókótó. Nígbà tí Sultan Hassan dan Mu'azu wá sí Argungu ní ọdún 1934, wọ́n fi ìdíje ẹja pípa dá a lọ́lá, ìdíje náà sì di ọdún àlàáfíà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pẹja nínú odò Matan Fada títí ọjọ́ ọdún yóò fi pé. Bí ó bá sì pé, àwọ̀n ọwọ́ àti akèǹgbè ni wọ́n ń kó wọ omi. Ẹni tí ẹja rẹ̀ bá wúwo jù ni ó gba ẹ̀bùn. Nígbà ìjọba Yakubu Gowon, Diori Hamani, ààrẹ Niger láti 1960 dé 1974, wá láti Niamey bá a wo ìdíje náà. UNESCO kọ ọdún Argungu mọ́ àwọn ogún ìṣẹ̀ǹbáyé aráyé ní 2016. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 2020, lẹ́yìn ìdádúró bí ọdún mẹ́wàá, ẹja tí ó gba ipò kìíní wúwo tó 78 kìlógíráàmù. Odò tí wọ́n dáàbò bò ni ó tọ́ irú ẹja bẹ́ẹ̀ dàgbà.

Ẹja kan náà yìí ṣe ohun mìíràn níbi tí kò ti sí olódò tí ẹnikẹ́ni bi léèrè. Ní àwọn ọdún 1950, nígbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, wọ́n gbé e wọ Adágún Victoria, díẹ̀ nítorí oúnjẹ, díẹ̀ nítorí àwọn tí ń fi ìwọ̀ ṣeré. Ó pọ̀ sí i, ó sì mú owó wá nítòótọ́. Ṣùgbọ́n ó jẹ àwọn ẹja kéékèèké ibẹ̀ débi pé, nínú ìṣirò àwọn onímọ̀, irú tí ó lé ní 200 ti pòórá. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Odò Ọya pàápàá kò kọjá ìbàjẹ́. Ní ọdún 1985, ọ̀dá mú un débi pé omi fẹ́rẹ̀ẹ́ dẹ́kun ṣíṣàn ní Niamey. Bí odò bá gbẹ, ẹja ńlá lọ, ìtàn rẹ̀ náà á sì tẹ̀lé e. Ọmọ ilé-ìwé tí ń gbé etí odò yìí, ìbáà ṣe ní Niamey, ìbáà ṣe ní Jẹ́bà, lè mọ orúkọ ẹja inú ìwé kí ó má mọ ti odò ilé rẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá rán an lọ sọ́dọ̀ àgbà apẹja ti ṣe é lóore. Yóò gbọ́ orúkọ, yóò gbọ́ èèwọ̀, yóò sì gbọ́ nípa èyí tí ó bọ́. Kí ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí àgbà náà ṣì wà.