Ẹ́ńjìnnì Tí Ń Jí Fúnra Rẹ̀: Ìtàn Agbára àti Ìṣọ́

Bí awakọ̀ òde òní bá jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀, tí ó fi kọ́kọ́rọ́ ṣáná sí i, tí ẹ́ńjìnnì sì dáhùn lójú ẹsẹ̀, kì í kà á sí ohun ìyanu. Bẹ́ẹ̀ ni ìgbà kan wà tí iṣẹ́ yìí gan-an ń ṣẹ́ni lápá. Ìtàn bí ọmọ aráyé ṣe gba iṣẹ́ náà kúrò lọ́wọ́ ènìyàn, tí wọ́n fi lé iná mànàmáná lọ́wọ́, kún fún ẹ̀kọ́. Ohun tí wọ́n sì fi ń ṣọ́ ẹ̀rọ náà lẹ́yìn tí ó bá jí tán ni ìdajì ìtàn ọ̀hún.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ọ̀pá irin ni wọ́n ń kì bọ iwájú ọkọ̀ láti fi yí ẹ́ńjìnnì. Ẹni tí yóò yí i gbọ́dọ̀ lágbára, kí ó sì mòye. Bí pẹtiróòlù inú ẹ́ńjìnnì bá gbiná ṣáájú àkókò, ńṣe ni ọ̀pá náà yóò ta padà sẹ́yìn pẹ̀lú ipá, tí yóò sì ba ẹni tí ó dì í mú. Àwọn òpìtàn ọkọ̀ sábà máa ń mẹ́nu ba Byron Carter, ọ̀kan nínú àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, tí ó kú ní ọdún 1908. Wọ́n ní ibi tí ó ti ń ran awakọ̀ kan lọ́wọ́ ni ọ̀pá ti lù ú lágbọ̀n, tí ọgbẹ́ náà sì yọrí sí ikú. Wọ́n tún ní ikú yìí ló mú kí Henry Leland, olórí ilé-iṣẹ́ Cadillac ní ìlú Detroit, máa wá ọ̀nà tí ọ̀pá irin yóò fi di ohun àtijọ́.

Charles Kettering, ọmọ ìpínlẹ̀ Ohio tí a bí ní ọdún 1876, ni ó rí ojútùú sí i. Kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ ronú kan iná mànàmáná. Clyde Coleman ti gba ìwé àṣẹ lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1903. Ohun tí ó ń dẹ́rù bani ni pé mọ́tò iná tí ó lè yí ẹ́ńjìnnì yóò tóbi jù fún ọkọ̀ láti gbé. Ṣùgbọ́n Kettering ti fi mọ́tò iná sí ẹ̀rọ ìgbowó àwọn oníṣòwò rí ní ìlú Dayton. Ó ti kọ́ níbẹ̀ pé ẹni tí yóò gbé odó sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò nílò agbára ẹni tí yóò rù ú dé oko. Mọ́tò kékeré lè ṣe iṣẹ́ ńlá, bí kò bá ti ní pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ní ọdún 1911, ó fi iṣẹ́ rẹ̀ han ilé-iṣẹ́ Cadillac. Inú ọkọ̀ wọn ti ọdún 1912 ni ó sì ti jáde fún ìlò gbogbo ènìyàn. Bátìrì ni ó ń yí mọ́tò náà. Bí ẹ́ńjìnnì bá sì ti jí, òun náà yóò máa yí mọ́tò, iná yóò sì padà wọ inú bátìrì.

Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tí ó jí ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Omi tí ń tù ú lè hó, ó sì lè di yìnyín nílẹ̀ òtútù. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ọkọ̀ pẹ̀lú nílò ojú tirẹ̀. Láàárín ọdún 1910 sí 1920, ẹ̀rọ ìwọn-ooru tí wọ́n ń pè ní Boyce MotoMeter gbilẹ̀. Orí ìdérí rédíétọ̀ ni ó máa ń wà, tí awakọ̀ yóò máa wò ó láti ibi tí ó jókòó. Lẹ́yìn náà ni ojú ìwọ̀n wọ inú ọkọ̀, níwájú awakọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ó tẹ̀ lé e, ohun kékeré kan wà nínú omi ẹ́ńjìnnì tí ó máa ń dí iná lọ́nà. Bí omi bá ti ń gbóná sí i ni ìdíwọ́ náà ń dín kù. Ìyípadà yìí ni wáyà ń gbé lọ síwájú awakọ̀.

Nígbà tí ó yá, àwọn oníṣẹ́-ẹ̀rọ so ẹ̀ka méjèèjì pọ̀. Ní ilẹ̀ bíi Kánádà, òtútù òru a máa mú kí ọ́ìlì ki, a sì máa sọ bátìrì di aláìlágbára. Wọ́n wá ṣe àpótí kékeré tí yóò máa gbọ́ ìròyìn ooru láti ẹnu wáyà, tí yóò sì ṣáná sí ọkọ̀ nígbà tí òtútù bá dé ìwọ̀n kan. Kò gbọ́dọ̀ ṣáná bí jíà bá wà lẹ́nu iṣẹ́ tàbí bí bọ́nẹ́ẹ̀tì bá ṣí sílẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti jí, ó gbọ́dọ̀ mọ̀, kí ó lè tú mọ́tò sílẹ̀.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí wáyà wọ̀nyí kò rí. Bí ọkọ̀ bá fúnra rẹ̀ jí nínú gárééjì tí a tì pa, èéfín rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ olóró kan tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn, tí ó lè pa àwọn tí ń sùn nínú ilé. Ọ̀pá irin máa ń lu ẹni tí ó dì í mú; ẹ̀rọ tí ń jí fúnra rẹ̀ lè pa ẹni tí kò mọ̀ pé ó ti jí. Nítorí náà, bí agbára bá ti ń kúrò lọ́wọ́ ènìyàn bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀rọ, ìṣọ́ kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ ènìyàn.