Láti Oko Àáró Lísàbí dé Ìjẹmọ̀: Ogun Ẹ̀gbá Lójú Fíìmù

Ní ọjọ́ 27 oṣù Ọ̀wẹwẹ, ọdún 2024, fíìmù Lisabi: The Uprising bọ́ sórí Netflix. Lateef Adédiméjì ló ṣe Lísàbí, Níyì Akínmọ́láyàn sì ni olùdarí. Nígbà tó di oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2025, apá kejì rẹ̀, Lisabi: A Legend Is Born, tẹ̀ lé e. Akọni tí àwọn Ẹ̀gbá ń fi orúkọ rẹ̀ pe ara wọn, tí wọ́n ń ṣe Ọjọ́ Lísàbí fún ní Abẹ́òkúta lọ́dọọdún, wá di ẹni tí ará ìlú òkèèrè pàápàá lè jókòó sílé kó wò. Ọwọ́ àwọn tó ṣe é dára. Wọ́n jẹ́ kí èdè Yorùbá jẹ́ èdè ogun, èdè ìgbìmọ̀ àti èdè ìfẹ́, wọn kò sì tijú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó mú kí iṣẹ́ náà tọ́ sí ìyìn ju aṣọ àti idà lọ ni pé àgbẹ̀ ló fi ṣe olórí ìtàn. Ọ̀pọ̀ fíìmù ogun ilẹ̀ wa ló máa ń bẹ̀rẹ̀ láàfin, níbi tí ọba méjì ti ń bú ara wọn. Ogun Lísàbí kò bẹ̀rẹ̀ láàfin. Oko ló ti bẹ̀rẹ̀, nínú àáró.

Bí àgbẹ̀ mẹ́wàá bá dá àáró, gbogbo wọn á lọ ṣiṣẹ́ lóko ẹnì kan lónìí, wọn á lọ sí ti ẹlòmíràn ní ọjọ́ mìíràn, títí tí yóò fi kárí. Ẹni tí wọ́n bá bá ṣiṣẹ́ jẹ gbèsè iṣẹ́, iṣẹ́ náà ni yóò sì fi san án. Lísàbí Agbòǹgbò Àkàlà, ọmọ Ìtòkú, wo ètò yìí, ó sì rí ọmọ ogun níbẹ̀: àwọn ọkùnrin tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń dé lásìkò, tí wọ́n ń gbọ́ràn sí olórí kan ṣoṣo, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn sì ti mọ̀ pé èkejì òun kò ní yẹ àdéhùn. Ó bá wọn sọ̀rọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń ran ara wọn lọ́wọ́ lóko, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n lè ṣe lójú ogun. Bí ẹgbẹ́ àáró ṣe di Ẹgbẹ́ Olórógun nìyẹn. Ìlàrí, ìránṣẹ́ Aláàfin Ọ̀yọ́, tó ń kọjá lójú ọ̀nà kò rí ju àgbẹ̀ tó gbé ọkọ́ àti àdá lọ.

Ọ̀yọ́ ló ń jẹ gàba lórí Ẹ̀gbá nígbà náà. Àwọn ìlàrí tí Aláàfin fi sí ìlú kọ̀ọ̀kan ń gba ìṣákọ́lẹ̀, wọ́n sì ń fi ọmọlọ́mọ ṣe bó ti wù wọ́n. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé nígbà tí ọjọ́ tí Lísàbí dá pé, ìlú dìde sí wọn, àwọn ìlàrí tó lé ní 600 ni wọ́n sì pa. Ọ̀yọ́ kó ogun wá gbẹ̀san. Lísàbí ti fi àwọn ènìyàn rẹ̀ pamọ́, wọ́n dìde láti ibùba, wọ́n sì tú ogun náà ká.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àgbẹ̀ ṣe lè ṣẹ́gun Ọ̀yọ́, kó wo ilẹ̀ Ẹ̀gbá fúnra rẹ̀. Ẹṣin ni agbára Ọ̀yọ́. Ẹṣin a máa sáré ní ọ̀dàn, ṣùgbọ́n nínú igbó kìjikìji, ọ̀nà há, eṣinṣin tó ń fa àìsàn oorun fún ẹran sì ń pa á. Ìlú Ẹ̀gbá ìgbà yẹn, inú igbó ni wọ́n wà, olúkúlùkù lábẹ́ olórí tirẹ̀: Aké, Ìtòkú, Ìjẹmọ̀, Igbẹ̀in, Kẹ́ǹta àti ọ̀pọ̀ mìíràn. Abẹ́òkúta kò tíì sí. Ọdún 1830, lẹ́yìn tí ogun ti fọ́ àwọn ìlú wọ̀nyí, ni olórí wọn, Ṣódẹkẹ́, kó àwọn Ẹ̀gbá wá sábẹ́ àpáta Olúmọ. Nítorí náà, kí òǹwòran má ṣe wá Olúmọ kiri nínú ìtàn Lísàbí.

Sàbúrì Bíòbákú, ọmọ Ẹ̀gbá tó tẹ ìwé rẹ̀ lórí Ẹ̀gbá àti àwọn aládùúgbò wọn jáde ní 1957, fi ọ̀tẹ̀ náà sí nǹkan bí ọdún 1775 sí 1780. Ìyẹn bọ́ sí ìgbà Aláàfin Abíọ́dún, ẹni tó borí Baṣọ̀run Gáà ní nǹkan bí 1774. Ó wúni lórí pé fíìmù House of Ga'a, tó dá lórí Gáà yìí, tí Bọ́láńlé Austen-Peters ṣe, jáde ní oṣù Agẹmọ ọdún 2024 kan náà. Ẹni tó bá wo méjèèjì tẹ̀ léra yóò rí ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò lè dá sọ. Títí dòní ni wọ́n ń sọ ìgbà Abíọ́dún ní Ọ̀yọ́ bí ìgbà àlàáfíà àti ọ̀pọ̀. Àwọn Ẹ̀gbá tí wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wọn kò jẹ nínú ọ̀pọ̀ náà.

Àwọn kan ń ráhùn pé idán pọ̀ jù nínú fíìmù Lísàbí. Ìráhùn yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Jagunjagun Yorùbá a máa wọ gbérí-ọdẹ, a máa so ońdè, a máa gbẹ́kẹ̀ lé ọfọ̀. Fíìmù tó bá yọ oògùn kúrò nínú ogun ọ̀rúndún kejìdínlógún ló ń purọ́. Ibi tí ìṣòro wà ni ibi tí oògùn bá ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọgbọ́n. Ohun tó ṣẹ́gun fún Ẹ̀gbá ni ètò: àṣírí tí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn pa mọ́, ọjọ́ kan tí gbogbo ìlú gbà, àti ibùba tí wọ́n mọ̀ dáadáa. Ìyẹn le ju kí iná máa jáde lẹ́nu ẹnì kan lọ.

Ohun kan tún wà nínú ìtàn Lísàbí tí kò dùn ún sọ. Wọ́n ní àwọn Ẹ̀gbá fúnra wọn, àwọn tó ń jowú rẹ̀, ló lẹ̀dí àpò pọ̀ tí wọ́n fi rán an lọ sọ́run. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe fíìmù ogun gbọ́dọ̀ dé irú ibi báyìí, níbẹ̀ la sì ti ń mọ̀ bóyá ó bọ̀wọ̀ fún òtítọ́. Kò ṣòro láti ṣe aṣọ òfì kó bá ìgbà mu, kò sì ṣòro láti rọ ọ̀kọ̀. Ó ṣòro láti sọ ẹ̀bi ará ilé ẹni.

The Woman King kọsẹ̀ níbẹ̀. Fíìmù Amẹ́ríkà yìí jáde ní 2022, Viola Davis sì ni ọ̀gá àwọn obìnrin ológun Dàhòmì nínú rẹ̀. Ọdún 1823 ni wọ́n gbé e kà, nígbà tí Ọba Gezo bọ́ àjàgà Ọ̀yọ́ kúrò lọ́rùn Dàhòmì, òtítọ́ sì ni ìyẹn. Àwọn obìnrin náà wà, akin sì ni wọ́n. Ṣùgbọ́n fíìmù náà fẹ́ kí òǹwòran rí Dàhòmì bí ìlú tó kórìíra òwò ẹrú. Gezo kò kórìíra rẹ̀. Ó ń ṣe é lọ títí tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi dí etíkun rẹ̀, tó sì tọwọ́ bọ̀wé ní 1852.

Ọdún kan ṣáájú ìyẹn ló kó ogun wá sí Abẹ́òkúta. Àwọn tó kọ ọ́ sílẹ̀ sọ pé ọmọ ogun rẹ̀ lé ní 10,000, ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú wọn sì jẹ́ obìnrin. Àwọn ará Ìṣàgá, tó gbà wọ́n lálejò lójú ọ̀nà, tàn wọ́n: wọ́n ní kí wọ́n kọlu Abẹ́òkúta ní ọ̀sán, níhà bodè Aro, níbi tí odi ti lágbára, wọ́n sì ránṣẹ́ sí Ẹ̀gbá lábẹ́lẹ̀. Ọjọ́ 3 oṣù Ẹrẹ́nà, 1851, ni ogun náà dé. Òkúkẹ́nù, tó di Aláké àkọ́kọ́ ní Abẹ́òkúta ní 1854, ni olórí ìlú nígbà náà, pẹ̀lú oyè Ṣàgbùà. T. J. Bowen, òjíṣẹ́ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, wà nínú ìlú, ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí i. Nígbà tí ọmọ ogun Ẹ̀gbá tú ọ̀kan nínú àwọn ọ̀tá tí wọ́n mú wò, wọ́n rí i pé obìnrin ni àwọn ń bá jà. Inú bí wọn, ogun náà sì tún gbóná sí i. Ẹgbẹ̀rún kan lé ni òkú Dàhòmì tó sùn sí ẹ̀yìn odi. Ní 1862, Glele ọmọ Gezo padà wá fọ́ Ìṣàgá, ó sì tún kọlu Abẹ́òkúta ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1864. Odi náà kò yẹ̀. Ẹfúnróyè Tinúbú, tó pèsè ohun ìjà fún ìlú, ni wọ́n fi jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá lọ́dún náà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe fíìmù ogun yìí gbọ́dọ̀ fi Tinúbú hàn bó ti rí: obìnrin tó gba ìlú rẹ̀ là, tó sì tún ta ẹrú.

Láàárín gbogbo ìtàn wọ̀nyí, ti ìpakúpa tó ṣẹlẹ̀ ní Ìjẹmọ̀ ní 1914 ló yẹ kó di fíìmù jù. Ìtàn Lísàbí kò ní ọjọ́ pàtó, kò ní ìwé ìgbà náà. Ẹnu àwọn àgbà ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Ti Ìjẹmọ̀ ní ọjọ́, ó ní oṣù, ó ní orúkọ àwọn tó ṣe é àti àwọn tí wọ́n ṣe é sí.

Ní 1893, Gómìnà Carter ti Èkó bá Ẹ̀gbá ṣe àdéhùn pé òmìnira wọn yóò dúró. Láti 1898 ni wọ́n ti ń ṣèjọba ara wọn lábẹ́ orúkọ Egba United Government. Gbádébọ̀ Kìíní ni Aláké. Ó ti lọ kí ọba Gẹ̀ẹ́sì nílùú rẹ̀ ní 1904. Akọ̀wé ìjọba ni Adégbóyèga Ẹdun, ọ̀mọ̀wé tó ti ṣe ọ̀gá ilé ìwé Mẹ́tọ́díìsì ní Èkó rí, ọwọ́ rẹ̀ sì ni agbára ìjọba wà. Ìjọba yìí la ọ̀nà, ó dá ilé ẹjọ́ sílẹ̀, ó sì ń fi ipá kó aráàlú ṣiṣẹ́ ojú ọ̀nà. Iṣẹ́ ọ̀nà yìí kò jọ àáró rárá: ẹni tó ń ṣe é kò mọ ìgbà tí ẹnikẹ́ni yóò wá bá òun ṣe tòun.

Ní 1914, wọ́n mú àgbàlagbà kan ní Ìjẹmọ̀, Ṣóbíyì Pọ́nládé, wọ́n tì í mọ́lé, ó sì kú sí àhámọ́. Ìjẹmọ̀ fárígá. Wọ́n ní kí Ẹdun kúrò lórí oyè. Ìjọba Ẹ̀gbá kò lè pẹ̀tù sí i, ó sì ní kí Gẹ̀ẹ́sì fi ọmọ ogun ran òun lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 4 oṣù Ògún ni Gẹ̀ẹ́sì wọ ogun àgbáyé pẹ̀lú Jámánì. Ọjọ́ kẹrin sí i, ọjọ́ 8, àwọn sójà wọ Ìjẹmọ̀, wọ́n sì da ìbọn bo àwọn ènìyàn. Olúwo Ìjẹmọ̀ wà lára àwọn tó kú. Kò sí ogun níbẹ̀ ní tòótọ́. Àwọn tó wá fi ẹjọ́ sùn ni wọ́n yìnbọn sí.

Lugard, gómìnà àgbà Gẹ̀ẹ́sì, tó ti pa Àríwá àti Gúúsù Nàìjíríà pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà, rí ohun tó ń wá. Ó ní ìjọba tí kò lè mú kí ìlú rẹ̀ dákẹ́ láìsí sójà òun kò yẹ kó máa pe ara rẹ̀ ní olómìnira. Ní ọjọ́ 16 oṣù Ọ̀wẹwẹ, 1914, Aláké fọwọ́ sí ìwé tuntun, àdéhùn 1893 sì parí. Bí ìjọba Ẹ̀gbá ṣe kú sí ọ̀rọ̀ Ìjẹmọ̀ nìyẹn.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, owó orí dé, Ogun Adúbí sì bẹ́. Ní oṣù Òkudù 1918, àwọn jagunjagun Ẹ̀gbá hú irin ojú ọ̀nà rélùwéè. Wọ́n pa Oṣilẹ̀, ọba Òkè-Ọnà. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún Ẹ̀gbá ló kú kí sójà tó pa iná rẹ̀ ní oṣù Agẹmọ. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ọmọ ogun tó ṣẹ́gun níbẹ̀ ní àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n kọ "Nigeria 1918" sí. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì tó mú kí Aláké Adémọ́lá fi ìlú sílẹ̀ ní 1949, ọ̀rọ̀ owó orí yìí náà ló gbé wọn dìde. Láti ìgbà ìlàrí ni Ẹ̀gbá ti ń bá ẹni tó ń fi ipá gba nǹkan wọn jà.

Fíìmù Ìjẹmọ̀ kò gbọ́dọ̀ rọrùn. Bí ẹni tó ṣe é bá fi òyìnbó nìkan ṣe ọ̀dájú, yóò ti purọ́ ná. Ọmọ Ẹ̀gbá ló ti Pọ́nládé mọ́lé. Ìjọba Ẹ̀gbá ló ránṣẹ́ pe sójà. Aláwọ̀ dúdú ni púpọ̀ nínú àwọn tó yìnbọn. Ẹdun kì í ṣe òmùgọ̀, Gbádébọ̀ kì í ṣe ìkà. Ẹ̀rù ń bà wọ́n kí ìlú má bàa bọ́ lọ́wọ́ wọn, ẹ̀rù náà ló sì mú kí ó bọ́. Òṣèré tó bá lè gbé ìyẹn yọ lójú wa ti ṣe ju ẹni tó fi idà gé orí ọgọ́rùn-ún lọ.

Àwọn tó ṣe Lísàbí ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Wọ́n ti ní òṣèré, wọ́n ti ní olùdarí, àwọn òǹwòran sì ti gbà láti wo ogun Ẹ̀gbá ní èdè Yorùbá. Kí wọ́n lọ sí ilé ìṣúra ìwé ìjọba ní Ìbàdàn, kí wọ́n ka ìwé àdéhùn 1893 àti ti 1914 papọ̀. Kí wọ́n jókòó ti àwọn àgbà Ìjẹmọ̀, kí wọ́n gbọ́ orúkọ àwọn tó kú lọ́jọ́ náà lẹ́nu ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ̀rọ ayàwòrán tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.